Ẹni Tó Ta Àgbo Jẹ̀dí fún Bàbá Mi

Hóònù ọkọ̀ bàbá mi la fi ń mọ̀ pé ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti orí òkè Ọ̀kà. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ìyá mi á gbé iṣu iyán kaná, nítorí bàbá mi kì í jẹun lójú ọ̀nà. Tírélà ló ń wà, pákó ló ń kó lọ sí Èkó. Kó tó lọ, á fi igi ìgbálẹ̀ wọn ẹsẹ̀ àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á gé e, á há a síwájú ọkọ̀. Bàtà tó bá rà bọ̀ kì í fún wa lẹ́sẹ̀, kì í sì í tóbi jù. Ṣé irú baba bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó kú ní ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta?

Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ rí nínú ìgbọ̀nsẹ̀. Awakọ̀ wo ló máa rí ẹ̀jẹ̀ tí kò ní sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni? Wọ́n ní àjókòópẹ́ ló ń fà á, wọ́n ní ṣúgà ni. Gbogbo garaaji Ìkàrẹ́ ló mọ ibi tí wọ́n ń lọ: ọ̀dọ̀ bàbá alágbo kan tó pàtẹ ìgò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọdún kan gbáko ni bàbá mi fi mu àgbo ọkùnrin náà. Ìgbà tí ìrora ò jẹ́ kó lè jókòó sídìí ọkọ̀ mọ́ la tó gbé e dé ọsibítù. Jẹjẹrẹ inú ìfun ni, ó sì ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, a sin ín.

Mo búra létí sàréè pé bàbá alágbo yẹn ò ní rí jẹ mọ́ n'Ìkàrẹ́. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé ẹ̀rí tíṣà, mo rò pé ariwo lásán lè lé èèyàn nídìí òwò rẹ̀. Mo lọ bú u bí ẹni láyin níwájú gbogbo garaaji. Ó gbọ́ tán, ó fa àpótí kan, ó ní, "Jókòó, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́. Èèyàn dáadáa ni bàbá ẹ." Háà! Inú wá bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn awakọ̀ ń pàrọwà fún mi, wọ́n sì ń ra àgbo lọ.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo gba ìsọ̀ sí òdìkejì rẹ̀, mo ń ta búrẹ́dì níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé àti ìgbà ọlidé. Awakọ̀ tó bá gbé ìgò dání, màá pè é: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀jẹ̀ lẹ rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí ọsibítù. Bí bàbá mi ṣe kú nìyẹn o." Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Eruku bẹ̀rẹ̀ sí í bo ìgò rẹ̀. Ẹ má bínú sí mi, inú mi dùn.

Lọ́jọ́ kan, ó sọdá wá bá mi. Ó ti rù, ṣòkòtò ò dúró nídìí rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi náà ń rí ẹ̀jẹ̀."

Mo ní, "Ẹ lọ mu àgbo yín!"

Ó ní, "Òun náà ni mò ń mu láti ọdún tó kọjá."

Mo mú un lọ sí ọsibítù. Kì í ṣe àánú o! Mo fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fojú rẹ̀ gbolẹ̀ ni. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó ní, "Bàbá, àgbàlagbà bíi tiyín! Kí ló dé tí ẹ ò tètè wá?" Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí ẹ̀ wá gan-an nìyẹn. Bàbá alágbo kàn ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Ni mo bá gbọ́ ohùn ara mi: "Kò mọ̀ ni, dókítà. Bàbá mi náà ò mọ̀."

Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí tí irú àìsàn tó pa bàbá mi pa òun náà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ti dárí jì í, mi ò tíì dárí jì í. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, mo ti ìsọ̀ mi, mo lọ, ibẹ̀ ni mo sì ti sunkún bàbá mi, ẹkún tí ìbínú ò jẹ́ kí n sun lọ́jọ́ tiwa.