Bí Mo Ṣe Lọ sí Mínná Kí N Tó Lè Rán Bàbá Àjàní Níṣẹ́

Aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo jáde nílé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá. Báàgì kan ni mo gbé, pẹ̀lú kúlà omi kékeré, nítorí ọkọ mi ní ooru Mínná kì í ṣe ti eré. Òun ló sìn mí dé ẹ̀bá títì, ọkọ̀ sì gbé mi dé gáréèjì ní Ìyànà-Ìpájà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kí n tó sọ ti ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó lé mi jáde. Oṣù mẹ́jọ ṣáájú ni wọ́n fi mí ṣe olórí ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Ìkòtún. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀. Bàbá Àjàní ló dàgbà jù. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́ náà, láti orí bí a ṣe ń to fáìlì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dìde kí n sọ fún irú wọn pé kí wọ́n lọ ṣe báyìí, kí wọ́n lọ ṣe tọ̀hún? N kò lè ṣe é. Iṣẹ́ tó bá kan Bàbá, èmi ni mò ń ṣe é. Táípúráítà la fi ń ṣe gbogbo nǹkan nígbà yẹn, ìdí rẹ̀ ni mo sì ń wà títí gbogbo ènìyàn fi ń lọ sílé. Mo rò pé mò ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò yìí ni Bàbá kọ̀wé pé àwọn fẹ́ fẹ̀yìn tì, bẹ́ẹ̀ ó ku ọdún mẹ́ta kí àkókò wọn tó pé. Wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ọ̀gá àgbà ní kí n lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣètò fún àwọn olórí ọ́fíìsì ní Mínná, tí mo bá dé, kí n wá sọ fún òun bóyá kí òun fọwọ́ sí ìwé náà. Inú mi bàjẹ́ gan-an.

Àwa méje la wà nínú Píjò tó gbé wa, ọgọ́fà náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Dẹ́rẹ́bà wa kò lè dákẹ́.

“Mọ̀mí, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní Mínná?”

“Kọ́ọ̀sì ni. Wọ́n fẹ́ kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ṣe olórí.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ṣé ìyẹn náà ń fẹ́ sùkúù ni? Ẹ̀ bá wá sí gáréèjì wa jàre! Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ọkọ̀ lọ.”

Ọ̀nà dára títí dé Ìbàdàn. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin, kòtò ni ṣáá, orí mi sì ń gbá òrùlé ọkọ̀. A jẹ iyán ní Ògbómọ̀ṣọ́, náírà mẹ́jọ pẹ̀lú ẹran méjì. Ní Jẹ́bà, a gba orí afárá kọjá Odò Ọya. Omi náà fẹ̀ débi pé gbogbo wa dákẹ́, àti dẹ́rẹ́bà pàápàá. Nígbà tí a dé Mọ́kwá, mo rí iṣu tí wọ́n kó jọ gègèrè lẹ́bàá títì. Owó tí a ń fi ra ẹyọ kan ní Ìkòtún, mẹ́ta ni wọ́n ń tà á níbẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí oòrùn wọ̀ nígbà tí a wọ Mínná.

Àwọn tó ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà gba àwa tó wá kọ́ṣẹ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Fúrà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún wa, ìyẹn jéró tí wọ́n gún, tí wọ́n pò mọ́ wàrà. Ó kan díẹ̀, ó sì tutù lọ́fun. Nílé wa, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ là ń kí pé ẹ kú iṣẹ́. Tiwọn ni “sànnu da áíkì”, kò sì sí ẹni tó ń kọjá tí kì í kí ọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ fún wa, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pín wa sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà, wọ́n sì fi mí ṣe olórí ẹgbẹ́ tèmi. Àwa la máa ṣètò gbọ̀ngàn fún àwọn àlejò tó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Àgbàlagbà kan wà láàárín wa, Málàm Súlè, akọ̀wé kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lókè ọ̀hún, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa nítorí pé ó ti gbé Ìlọrin rí. Mo fi àga kan fún un lábẹ́ igi, mo ní kí ó sinmi. Èmi wá ń sáré kiri: mò ń gbé àga, mò ń nu tábìlì, aṣọ mi rin gbingbin fún òógùn. Nígbà tí mo padà débẹ̀, Málàm kò sí lórí àga mọ́. Inú yàrá ni mo ti bá a, ó ń di ẹrù rẹ̀.

“Ṣé ara yín ò yá ni, sà?”

“Ara mi yá. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó, mò ń retí kí o pè mí.”

“Mi ò fẹ́ dà yín láàmú ni. Ẹ jù mí lọ.”

“Ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ pé ó ti rẹ̀ mí? Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ìgbà èwe mi nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé lójú tìẹ n kò wúlò mọ́, jẹ́ kí n máa lọ sílé mi.”

Ojú tì mí. Bàbá Àjàní ni mo rí níwájú mi, tí wọ́n jókòó sídìí tábìlì láìní ohun kan lọ́wọ́, tí èmi ń tẹ ìwé wọn. Mo bẹ Málàm. Mo ní kí ó wá bójú tó gbọ̀ngàn náà, kí èmi lọ bójú tó oúnjẹ. Orí ìdúró ló wà tó fi ń pe olúkúlùkù lórúkọ, kò sì pé wákàtí kan tí gbogbo rẹ̀ fi tò. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìrìn àjò náà kò ju ìyẹn lọ: mo ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbà, mo sì ń pè é ní ọ̀wọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, a kúrò ní Mínná ní ìdájí, a sì dé Èkó nírọ̀lẹ́. Mo kọjá Ẹ̀gbẹ́dá, n kò sọ̀kalẹ̀. Ìgàndò, nílé Bàbá Àjàní, ni mo lọ tààrà. Wọ́n ń ro ẹ̀yìnkùlé wọn lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀.

“Ṣé o ti dé? Kò sí wàhálà ṣá?”

“Kò sí, sà. Mo wá rán yín níṣẹ́ ni. Àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde lọ́dún yìí, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ tò ó, kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Àwọn méjì tó kù á máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ yín.”

Bàbá gbé ọkọ́ sílẹ̀. “Àbí torí kí n má bàa fẹ̀yìn tì lo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀?”

“Tí ẹ bá fẹ́ lọ, mi ò lè dì yín mú. Ṣùgbọ́n mi ò lè dá a ṣe. Orúkọ ènìyàn mọ́kànlá ni mo ṣì kọ ní sáà tó kọjá.”

“Mo mọ̀. Mo rí i.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“O ò bi mí.”

Omi bọ́ lójú mi. Bàbá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí mo fi nù ún tán.

“Ìwé tí mo kọ yẹn,” wọ́n ní, “sọ fún ọ̀gá àgbà kó dá a padà fún mi. Ọjọ́ wo lo fẹ́ àkọsílẹ̀ náà?”

Tó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni, ǹ bá ti sọ pé ìgbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, sà. Orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo ṣì wà.

“Ọjọ́bọ̀, sà. Kó tó di aago mẹ́wàá.”

“Aago mẹ́wàá ti pẹ́ jù,” ni Bàbá wí, wọ́n sì tún gbé ọkọ́ wọn. “Aago mẹ́jọ ni kí o máa retí rẹ̀.”