Igi Tí Dókítà Gbà Lọ́wọ́ Ìyábùnmi

Ní gbogbo Ikpinlè, kò sí obìnrin tó tẹ ẹyìn pẹ́ tó Ìyábùnmi. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń wọ inú ẹkù, ìyẹn kòtò ńlá tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ létí odò, tí wọ́n ń da ẹyìn sísè sí, tí àwọn obìnrin á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ títí epo yóò fi léfòó. Ẹni tó bá wò wọ́n lókèèrè, tó ń gbọ́ orin wọn, á rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó ti ṣe é fún ọgbọ̀n ọdún ló mọ ohun tó ń gbà lára ènìyàn. Nígbà tí Dahomey fi gba òmìnira, ìbàdí Ìyábùnmi ti le bí igi. Itan rẹ̀ a máa ta á bí ẹni tí wọ́n fi ata pa lára. Bó bá fẹ́ wé gèlè, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni yóò bá a gbé apá sókè.

Àlàgbé, ọkọ rẹ̀, kò lè fara dà á mọ́. Agbẹ́gi ni, odó àti ẹ̀rúkọ́ ló ń gbẹ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú igi àyán kan, ó gbẹ́ ẹ roboto roboto ní mẹ́ta, bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ó dá wọn lu láàárín, ó ki irin kẹ̀kẹ́ kan tó ti bàjẹ́ bọ̀ wọ́n nínú, ó wá ṣe èèkù sí i bíi ti ọ̀bẹ. Bí wọ́n bá fi àdín lílọ́wọ́ọ́rọ́ pa ara, tí wọ́n ń yí igi náà lọ yí i bọ̀ lórí iṣan tó le, á máa dún gbiri gbiri, iṣan náà á sì máa rọ̀. Ayígbiri ni wọ́n sọ ọ́. Oṣù kan kò pé tí Ìyábùnmi fi bẹ̀rẹ̀ sí í wé gèlè fúnra rẹ̀. Àwọn obìnrin ẹkù yòókù gbọ́, wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá ti kúrò nínú epo lọ́sàn-án, wọn á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, wọn á máa yí i fún ara wọn lẹ́yìn.

Ọdún kẹfà lẹ́yìn òmìnira ni Lucien dé láti Àjàṣẹ́, olú-ìlú. Nọ́ọ̀sì ni, ṣùgbọ́n dókítà ni gbogbo ayé ń pè é. Adja-Ouèrè ló ń gbé pẹ̀lú Cécile, ìyàwó rẹ̀, a sì máa gun alùpùpù wá sí àwọn abúlé pẹ̀lú báàgì oògùn. Lọ́jọ́ kan ó bá àwọn obìnrin lórí ẹní, ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kì í wá gba oògùn ara ríro mọ́. Wọ́n nawọ́ sí ayígbiri.

Lucien mú un, ó yí i wò. "Igi kí lèyí?"

"Àyán ni, dókítà," Ìyábùnmi dáhùn.

"Igi Ṣàngó! Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ ò tíì lajú ni? Irú nǹkan báyìí ló ń pa ènìyàn."

"Dókítà, igi ni. Ọkọ mi ló gbẹ́ ẹ. A ò bọ ọ́, a ò sì fi í ṣépè fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń mú ẹ̀yìn rọ̀ ni."

"Màá mú un lọ sí Àjàṣẹ́ kí àwọn tó mọ̀wé yẹ̀ ẹ́ wò." Ó ki ayígbiri bọ inú báàgì, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ.

Àlàgbé ní kí ìyàwó òun fi sílẹ̀, pé òun á gbẹ́ òmíràn. Ìyábùnmi kọ̀. "Bí mo bá jalè, kí wọ́n mú mi. Mi ò jalè. Ṣé tìtorí pé ó mọ̀wé ni yóò fi máa kó ẹrù ẹlẹ́rù? Èyí tó mú lọ ni mo fẹ́."

Oṣù méjì kọjá. Bó bá bi Lucien, á ní àyẹ̀wò ò tíì parí. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà Adja-Ouèrè, Ìyábùnmi fi epo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ó forí lé ilé Lucien. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó fi gbọ́ ọ: gbiri, gbiri, gbiri. Lucien dojú bolẹ̀ lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń mí kanlẹ̀. Cécile kúnlẹ̀ tì í, ó ń yí ayígbiri lórí ìbàdí rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ìyá," ni Cécile wí. "Ẹ má bínú, alùpùpù ló ba ìbàdí ọ̀gá jẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ nǹkan tí òyìnbó fún un ní Àjàṣẹ́ yìí."

"Òyìnbó wo?"

Lucien gbọ́ ohùn náà, ó fò dìde, ó ń wá ẹ̀wù.

Ìyábùnmi kò wò ó. Cécile ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, yí ìdí èèkù yẹn sókè. Wàá rí àmì mẹ́ta tí wọ́n fi irin gbígbóná jó. Wá sí ọjà báyìí kí o wo ìdí gbogbo odó tí Àlàgbé ọkọ mi gbẹ́, bóyá o ò ní í bá àmì kan náà níbẹ̀. Ṣé òyìnbó lòun náà?"

Cécile yí i sókè. Ó wo àmì náà, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Mo ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò ni," Lucien wí.

Láti ọjọ́ tí Ìyábùnmi ti mọ̀ ọ́n, *ẹ̀yin* ló ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí i lọ́mọ. Lọ́jọ́ náà, ó yọ ọ̀wọ̀ kúrò lẹ́nu. "Ìdí rẹ ni ilé àyẹ̀wò, àbí? Bó bá wà lẹ́yìn tèmi, ó ń pa ènìyàn. Bó bá wà lẹ́yìn tìrẹ, oògùn òyìnbó ni."

Lucien ní òun á ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Ìyábùnmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ní kí ó pè wọ́n, kí òun rò ó fáwọn náà. Àwọn tó ń bọ̀ láti ọjà ti ń dúró wò. Cécile kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó fi aṣọ nu àdín kúrò lára igi náà, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ìyábùnmi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, mi ò mọ̀." Ìyábùnmi ní, "Mo mọ̀ pé o ò mọ̀," ó fà á dìde.

Àwọn ará Ikpinlè fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín títí. Ìyábùnmi kò rẹ́rìn-ín. Àlàgbé bi í pé, "Ṣebí ó ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kí ló tún ń bí ọ nínú?"

"Pé ó mú un lọ kọ́ ló ń dùn mí. Olè a máa mú nǹkan. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, ó gbé e fún òyìnbó tí kò sí níbì kankan."

Àlàgbé gbé ọ̀bẹ tó fi ń gbẹ́gi sílẹ̀, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Lucien wá sétí ẹkù. Ó tẹ̀ kọrọbọ lórí alùpùpù, agbára káká ló fi sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ ní òun ò sùn láti ìjẹta, pé bóyá ìyá á jẹ́ kí wọ́n bá òun yí i díẹ̀ péré.

Ìyábùnmi wà nínú epo dé orúnkún. "Wàá rí i lò. Ṣùgbọ́n sọ fún àwọn obìnrin wọ̀nyí kọ́kọ́, ta ló gbẹ́ ẹ?"

Orin dákẹ́. Gbogbo wọn ń wò ó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, orúkọ Àlàgbé, kò sì wúwo lẹ́nu. Lucien wolẹ̀, ó wo ọ̀nà, ó tún gbá ìbàdí rẹ̀ mú. Nígbà tó pẹ́, ó fi ìrora gun alùpùpù rẹ̀, ó yí i padà sí ọ̀nà Adja-Ouèrè.

"Ìgbéraga rẹ̀ dùn ún ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ," obìnrin kan wí.

Ìyábùnmi gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó ń tẹ ẹyìn lọ.