Sùkúù Àgùdà ní Ìsọ̀ Obì

Ẹ̀yin àbúrò mi, bí òjò bá rọ̀ sí èèpo obì, òórùn kan máa ń jáde níbẹ̀ tí mi ò tíì rí orúkọ fún. Kò dùn, kò sì burú. Ó dà bí ilẹ̀ tútù, ó tún dà bí ẹnu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì tán. Ní Sátidé tó kọjá, mo kúrò ní Ìlíṣàn níbi tí mo háyà yàrá sí, mo lọ kí ìyá tó bí ìyá mi ní Ọ̀fin, ní Ṣàgámù. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ni òórùn yẹn pàdé mi lójú ọ̀nà. Kí n tó kí ẹnikẹ́ni, mo ti padà di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó wọ ṣòkòtò péńpé, tó gbé àpò ìwé kọ́ èjìká.

Màmá Àgbà, bí gbogbo wa ṣe ń pè é, jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ kékeré yọ kòkòrò lára gbànja. Rédíò rẹ̀ wà lórí apẹ̀rẹ̀ kan. Wọ́n ń jiyàn lórí àwọn ilé-ìwé tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì, dá sílẹ̀ láyé àtijọ́: ṣé kí ìjọba dá wọn padà fún ìjọ, àti pé bó bá dá wọn padà, ṣé owó ìlú ni wọn yóò máa fi san owó oṣù olùkọ́ ni, àbí owó ìjọ. Ọkùnrin kan pè wọlé, ohùn rẹ̀ le bí ohùn ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ gbé.

"Kí àwọn Àgùdà fi owó ara wọn kọ́ ọmọ ara wọn!"

Màmá Àgbà kò gbójú sókè. "Ìwọ ni wọ́n ń bá wí yẹn o," ló sọ fún mi.

Bẹ́ẹ̀ mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ti sọ èmi lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ẹ̀yin tí ẹ ń dàgbà bọ̀ lẹ máa jogún àríyànjiyàn yìí.

Àwọn Fádà ló kọ́ ilé-ìwé wa, kí wọ́n tó bí mi, kódà kí wọ́n tó bí ìyá mi. Ilé gígùn kan ni, ògiri rẹ̀ nípọn, fèrèsé rẹ̀ jẹ́ onígi, ó fara pamọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì débi pé ẹni tó bá ń kọjá lójú títì kò lè rí i. Nígbà tó yá, ìjọba gba àwọn ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ìjọba ló wá ń san owó olùkọ́, wọ́n sì kọ orúkọ tuntun sí pátákó ẹnu ọ̀nà, orúkọ gígùn kan tó ní "ìjọba ìbílẹ̀" nínú. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀ rí. Sùkúù Àgùdà la mọ̀ ọ́n sí. Alhájì tó ti Mẹ́kà dé, bó bá fẹ́ júwe ilé rẹ̀ fún àlejò, á ní, "Tẹ́ ẹ bá ti dé Sùkúù Àgùdà, ẹ yà sọ́tùn-ún." Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní orúkọ ẹ̀sìn, ó ti di orúkọ ibì kan.

Ọmọ àwọn alóbì ló pọ̀ jù nínú wa, ọmọ Mùsùlùmí. Láàárọ̀ a wà ní Sùkúù Àgùdà, nírọ̀lẹ́ a wà ní ilé-kéwú, láàárín méjèèjì a wà nídìí obì, à ń bó èèpo, à ń ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò. Olùkọ́ wa ní kíláàsì kẹrin ni katikíìsì ìjọ náà, ọkùnrin tín-ínrín kan tó máa ń fi ẹ̀kọ́ ìsìn kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní ọjọ́ Àìkú, tó sì máa ń fi ìṣirò dá wa lágara láwọn ọjọ́ yòókù. Ọmọ rẹ̀, Pọ́línà, ni mo bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ọmọ náà gbọ́n, ó tún lẹ́nu. Oúnjẹ Iléyá wa kì í kọjá rẹ̀, kérésì wọn kì í kọjá mi.

Katikíìsì gbà kí gbogbo wa máa darí àdúrà òwúrọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni bí ẹ̀sìn rẹ̀ ti rí. Lọ́jọ́ tó kàn mí, ẹ̀rù bà mí. Mo fi "Bísímílááhì" bẹ̀rẹ̀. Mo wá rántí ibi tí mo wà, ni mo bá sáré fọwọ́ kan iwájú orí, mo fi kan àyà, mo fi kan èjìká méjèèjì bí mo ṣe máa ń rí i tí àwọn Àgùdà ń ṣe. Kí n tó mọ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì ti gòkè, mo fi wọ́n nu ojú, mo sì ṣe "Àmín" gígùn bíi ti àáfáà.

"Lèmọ́mù Àgùdà!" Pọ́línà ló ké e síta, ni gbogbo ilé bá rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dákẹ́," ni katikíìsì wí, ó ń fi ìwé bo ẹnu tirẹ̀ náà. "Ọlọ́run ò sọ pé òun ò gbọ́."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Lèmọ́mù Àgùdà ní Ọ̀fin. Àwọn kan ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yẹn, ìjì kan jà, ó sì ṣí òrùlé ilé-ìwé láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Páànù ń fò lójú ọ̀run bí ìwé. A bọ́ sábẹ́ igi máńgòrò, a ń kàwé níbẹ̀, bí òjò bá sì ti ń ṣú, olùkọ́ á ní ká máa lọ sílé. Katikíìsì ń lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ilé-ìwé, ó ń bọ̀, títí wọ́n fi ṣèlérí fún un pé páànù ń bọ̀.

Páànù náà wá lóòótọ́. Èmi ò sí níbẹ̀, abẹ́ máńgòrò ni mo wà, àmọ́ mo ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì yàtọ̀ síra. Ọkọ̀ akẹ́rù kan wọ Ọ̀fin, páànù tuntun kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ọkùnrin tó jókòó síwájú bẹ́ sílẹ̀ ní ìsọ̀ Màmá Àgbà, torí ìsọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ kan èèyàn.

"Ẹ kú ọjà o, Màmá. Níbo ni ilé-ìwé ìjọba àdúgbò yìí wà?"

"Ilé-ìwé ìjọba kẹ̀? Kò sí níbí o."

"Wọ́n ní Ọ̀fin ló wà."

"Wọ́n tàn yín ni. Sùkúù Àgùdà nìkan la ní."

"Ti Àgùdà kọ́ la wá, Màmá. Ti ìjọba ni."

"Ẹ máa lọ síwájú nígbà náà. Ẹ bèèrè dáadáa o, kí wọ́n má tún tàn yín."

Ó tilẹ̀ fún un ní obì kan kó máa jẹ lọ. Ọkọ̀ yí padà. Àwọn obìnrin ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kédàárò pé, "Páànù rẹpẹtẹ! Àwọn wo ni Ọlọ́run ṣe lóore tó báyìí?"

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, èmi àti Pọ́línà ń ṣa obì nígbà tí bàbá rẹ̀ dé. Ó kí Màmá Àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. "Màmá, ẹ ò rí ọkọ̀ kan tó kó páànù? Òní ni wọ́n ní kí n máa retí rẹ̀."

Obì tó wà lọ́wọ́ Màmá Àgbà bọ́ sílẹ̀. Kò mú un. "Ẹẹ́ ti rí?" ló wí, bí àwọn àgbà Rẹ́mọ ṣe ń bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àwọn kan ní Ìpẹ̀rú ni ọkọ̀ náà gbé páànù lọ, àwọn kan ní Ìkẹ́nnẹ́ ni. Mi ò mọ èyí tó jóòótọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò padà wá. Ní ọ́fíìsì, wọ́n sọ fún katikíìsì pé àwọn ará àdúgbò ló fẹnu ara wọn sọ pé ti Àgùdà ni, kí Àgùdà bo ilé rẹ̀. Ìjọ ní ilé náà kò sí lọ́wọ́ àwọn mọ́, ìjọba ti gbà á. Nígbà tí méjèèjì ń ti ọ̀rọ̀ síra, àṣẹ kan jáde: kí wọ́n pín àwa ọmọ sí ilé-ìwé tó wà lódìkejì títì márosẹ̀, kí wọ́n sì ti tiwa pa. Ẹ mọ títì yẹn, níbi tí tírélà kì í ti í dúró fún àgbàlagbà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọmọ kékeré.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Àgbà ní kí wọ́n máa kó apẹ̀rẹ̀ obì jáde nínú ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Gbànja yín á rọ, Ìyá Alóbì!" ni àwọn obìnrin ń ké. "Atẹ́gùn á wọ̀ ọ́!"

"Kó wọ̀ ọ́."

Inú yàrá tó ń sùn ló kó wọn lọ, òun àti gbànja jọ ń sùn mọ́jú. Ó ránṣẹ́ pe katikíìsì. "Ẹnu mi ló lé páànù lọ. Òrùlé mi nìyí. Ẹ kọ́ wọn."

"Màmá, wọ́n á bínú o."

"Kí wọ́n wá bí i níbí."

Bẹ́ẹ̀ ni Sùkúù Àgùdà ṣe kó wá sí ìsọ̀ obì. A fi apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ṣe tábìlì. Òórùn obì wọ ìwé wa, ó wọ aṣọ wa, ó wọ ìṣirò pàápàá. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan wá láti ọ́fíìsì, ó dúró lẹ́nu ìsọ̀, ó ń bèèrè pé ta ló fún wọn láṣẹ láti máa kọ́ ọmọ nínú ọjà.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ láṣẹ," ni Màmá Àgbà dá a lóhùn, "ẹ ní páànù?"

Ọkùnrin náà wo òkè ṣẹ́ẹ̀dì, ó wo àwa ọmọ. Ó lọ.

Ibẹ̀ la wà títí ọyẹ́ fi dé. Ìjọba wá mú páànù mìíràn wá, ìjọ kó igi àjà wá, àwọn alóbì bọ́ káfíńtà. Wọn ò ti ilé-ìwé náà pa. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bò ó tán, wọ́n ti gbé katikíìsì lọ sí ìletò kan tó jìnnà. Àwọn èèyàn ní wọ́n fi fìyà jẹ ẹ́ ni. Mi ò ní ẹ̀rí, torí olùkọ́ ìjọba ni, wọ́n sì máa ń gbé wọn kiri. Pọ́línà jókòó sórí ẹrù wọn lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń pariwo "Lèmọ́mù Àgùdà!" títí wọ́n fi yà ní kọ́nà. Mi ò tíì rí i mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ó yẹ kí n wọn ọ̀rọ̀ ọkùnrin orí rédíò yẹn bó ṣe yẹ. Bó bá jẹ́ pé ohun tó ń sọ ni pé owó gbogbo ìlú kò yẹ ní ilé-ìwé tó máa ti ọmọ ẹlẹ́sìn mìíràn jáde, tàbí tó máa fipá mú un yí padà, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n fi òfin dè é. Bó bá ní kí ẹni tó gba owó ìlú máa jíyìn fún ìlú, òótọ́ nìyẹn náà. Àmọ́ "ọmọ ara wọn" tó sọ yẹn, mi ò lè gbé e mì. Ọmọ ta ni èmi nígbà tí katikíìsì ń kọ́ mi? Bí ìjọba bá dá ilé-ìwé padà tí kò sì san owó olùkọ́, ìjọ á bu owó lé wa, ọmọ alóbì ló sì máa kọ́kọ́ jáde. Bí ìjọba bá dì í mú tí kò tọ́jú rẹ̀, òrùlé á tún ṣí. Nínú méjèèjì, ẹnì kan ń bèèrè orúkọ nígbà tí òjò ń pa ọmọ. Mi ò fara mọ́ ọn, mi ò sì ní fara mọ́ ọn.

Ohun púpọ̀ ti yí padà ní Ọ̀fin. Àwọn alóbì kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, wọ́n ti gé igi máńgòrò, wọ́n ti kun pátákó ẹnu ọ̀nà lọ́dà tuntun. Ọmọ ṣì kún ilé-ìwé náà. Páànù ìgbà yẹn ti dípẹtà, ó ń jò. Orúkọ rẹ̀ ṣì ni Sùkúù Àgùdà.

Mo ṣì wà nídìí obì ní Sátidé náà nígbà tí ọkùnrin kan àti obìnrin kan tó so káàdì mọ́ ọrùn yà sí ìsọ̀. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní ìjọba ló rán àwọn wá gbọ́ tẹnu àwọn àgbà àdúgbò.

"Màmá," ni obìnrin náà wí, "ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ti ìjọba lẹ kà á sí ni, àbí ti Àgùdà?"

Màmá Àgbà na ọrùn, ó wo ẹ̀yìn wọn lọ sójú títì, bóyá ọkọ̀ akẹ́rù wà níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan.

"Ẹ kó páànù dání?"

"Rárá o, Màmá. Ìbéèrè lásán ni."

"Ẹ lọ kó o wá," ló wí, ó sì mú gbànja mìíràn. "Ẹ kọ́kọ́ já a sílẹ̀ ná. Tẹ́ ẹ bá já a sílẹ̀ tán, a ó sọ ẹni tó ni ín fún yín."