Tíṣà Olúkúnlé àti Ọba Tí Kò Fẹ́ Sin Ọ̀rẹ́ Rẹ̀

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sùn ní kíláàsì Tíṣà Olúkúnlé. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń kọ́ lítíréṣọ̀ ní Ilora, bó bá sì ń sọ ìtàn, àwọn ọmọ a gbàgbé ebi. Àléébù rẹ̀ kan ni pé ó fẹ́ràn kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, kò sì bìkítà ẹni tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó mú wọn wọ inú ìtàn àtijọ́ kan láti Mesopotámíà, ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìráàkì lónìí, ìtàn tí wọ́n kọ sára amọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ọba alágbára kan ní ọ̀rẹ́ àtàtà. Ọ̀rẹ́ náà ṣàìsàn, ó kú, ọba kò sì jẹ́ kí wọ́n sin ín. Ọjọ́ mẹ́fà, òru méje ló fi ń sunkún lórí rẹ̀, títí ìdin fi jábọ́ nímú òkú. Ẹ̀rù ikú bà á wàyí, ó jáde lọ wá ìyè tí kò lópin, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tẹ̀ ẹ́.

Olúkúnlé fọwọ́ di imú, ó ń ṣe bí ọba. "Ẹ ò rí òmùgọ̀. Ta ló ń fi òkú sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kan?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbá tábìlì.

Màrdíyyàh nawọ́. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kò mọ ẹ̀gàn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, màmá mi ní kí n bi yín ọjọ́ tí ẹ máa sin bàbá yín, kí àwọn lè wá. Wọ́n ní àwọn ti ń retí látìgbà Iléyá."

Ẹ̀rín dákẹ́. Nílé Màrdíyyàh, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, ẹni tó kú láàárọ̀, oòrùn kì í wọ̀ kí wọ́n tó sin ín. Bàbá Olúkúnlé, díákónì Onítẹ̀bọmi, ti lo oṣù mẹ́rin ní mọ́ṣúárì l'Ọ́yọ̀ọ́. Ẹkún kọ́ ló dá ìsìnkú rẹ̀ dúró. Olúkúnlé ló ní àfi kí wọ́n kun ilé, kí wọ́n so géètì tuntun, kí ìlú má baà ní àwọn ọmọ díákónì ò rọ́wọ́ họrí. Ojú ayé ni, kò sí nǹkan mìíràn.

Àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Olúkúnlé mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ojú tì í débi pé ó kọjú sí bọ́ọ̀dù, ó ń nu ohun tí kò sí níbẹ̀. Irọ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n Màrdíyyàh ṣì dúró, ó ń retí èsì tí yóò jẹ́ fún ìyá rẹ̀.

"A ò tíì dá ọjọ́," ó wí. "Ilé là ń kùn lọ́wọ́."

Ó wù ú kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n gbá tábìlì bí wọ́n ti ṣe fún ọba. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́lẹ̀. Àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n, èyí sì dùn ún ju yẹ̀yẹ́ lọ.

"Ọba yẹn kì í ṣe òmùgọ̀," ó wí níkẹyìn. "Ó fẹ́ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Èmi ni mo fi bàbá mi sílẹ̀ nítorí ọ̀dà."

Ó bọ́ síta, ó pe Akinolúwa, àbúrò rẹ̀, lórí fóònù. "Sátidé yìí la máa sin bàbá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilé ò tíì parí. Kí la máa sọ fáráàlú?"

Olúkúnlé wo ojú fèrèsé kíláàsì. Gbogbo àwọn ọmọ ló ń wò ó.

"Wọ́n ti mọ̀," ó wí.