Èso Méjìlélógún

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Maeng Sun-deok ti ń tọ́jú igi nínú ọgbà igi kan lẹ́sẹ̀ òkè Gangwon. Ohun tó ń tán an ní sùúrù kì í ṣe kòkòrò, kì í sì í ṣe yìnyín. Ènìyàn ni. Wọ́n á ṣẹ́ ẹ̀ka òdòdó láti fi ya fọ́tò, wọ́n á fi ẹ̀yìn ti pátákó tí orúkọ igi wà lára rẹ̀, wọ́n á tún bi í pé igi wo nìyí.

Èyí tó wá burú jù nínú wọn ni Màmá Pyo, arúgbó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà. Bí ìgbà ìwọ́wé bá ti dé, á gbé àpò wọlé wá ṣa dotori, èso igi tí wọ́n máa ń lọ̀ láti fi se muk, tó ń dì bí ẹ̀kọ. Sun-deok bẹ̀ ẹ́ títí, ó bá a jà títí, ó gbé àkọlé ńlá síbẹ̀. Màmá Pyo ní ojú òun ò ríwèé mọ́.

Igi dotori kan wà níbẹ̀ tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ọdún mọ́kànlá ni Sun-deok fi ń retí kó so. Lọ́dún yìí ló so, èso méjìlélógún péré. Ó lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Busan fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tó dé, abẹ́ igi mọ́ bí ẹni gbá a.

Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ilé Màmá Pyo ló gbà lọ tààrà, ó sì bá a nídìí agbada tí dotori kún dé ẹnu.

"Màmá, èso abẹ́ igi tí mo so okùn pupa mọ́, èwo ni nínú ìwọ̀nyí?"

"Dotori ni gbogbo wọn, ọmọ mi. Ṣé dotori náà ń jẹ́ orúkọ ni?"

Sun-deok ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, arúgbó náà fa àpótí sún mọ́ ọn, ó ń bá a ṣà, ó ń ráhùn pé ayé ìsinsìnyí bọ̀wọ̀ fún igi ju àgbà lọ. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n rí.

"Márùn-ún yòókù ńkọ́?"

Màmá Pyo fi ẹnu tọ́ka sí abọ́ muk. "Jókòó, kó o jẹun."

Ó jẹ ẹ́. Ó dùn, ìyẹn gan-an ló tún bí i nínú.

Sun-deok gbin mẹ́tàdínlógún náà, mọ́kànlá ló hù nínú wọn. Lọ́dún kejì, Sun-deok bá Màmá Pyo lábẹ́ igi náà, tó ń ròyìn fáwọn àlejò bí òun ṣe yọ irú igi náà nínú ewu. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Sun-deok mí kanlẹ̀, ó gba ọ̀nà mìíràn lọ.