Ìkíni Kan Tó Wọ Yàrá Ìdánwò

Ní àsìkò tí ìjọba ti ẹnubodè pa, ilé mi ní Ìlaro di ilé-ẹ̀kọ́. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà, mo sì rò pé mo ti fi ọ̀rọ̀ ìdánwò sílẹ̀ fún àwọn tó kù lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó ọmọ mi ló tún mú un wọlé tọ̀ mí wá.

Nọ́ọ̀sì ni. Ó ti gba ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ náà kó tó fẹ́ ọmọ mi, ìjọba sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó kù fún un ni dígírì. Ó fẹ́ di ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tuntun níṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tó wà, wọn kì í sì í gbé ipò bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò ní in. Kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó lọ jókòó sí yunifásítì, nítorí owó oṣù rẹ̀ ni ilé ń jẹ. Ọkọ rẹ̀, tó máa ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní Ìdí-Ìrókò, kò ríṣẹ́ ṣe mọ́ láti ìgbà tí ẹnubodè ti tì, ó sì ti wá iṣẹ́ lọ sí Ṣàgámù. Àwọn ọmọ wọn wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ayétòrò. Òun nìkan ló wà lọ́dọ̀ mi, tó ń kàwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nínú yàrá iwájú.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ fẹ̀yìn tì ń pe irú ẹ̀kọ́ yìí ní ẹ̀kọ́ orí fóònù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú mi ló ṣe ń ti iṣẹ́ dé, tó ń wẹ̀, tó ń jẹun díẹ̀, tó sì ń ṣí kọ̀ǹpútà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó sinmi. Ìjọba ti ní kí wọ́n má gbé epo wá sí ìtòsí ẹnubodè mọ́, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ wa kò níṣẹ́ mìíràn ju kí adìyẹ máa yé ẹyin sẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ọsibítù ló ti máa ń ṣáàjì kọ̀ǹpútà náà kó tó máa bọ̀ nílé. Ẹni tó bá fẹ́ pe ìyẹn ní eré, kó kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ wò.

Ọdún yẹn ni ọdún ìkẹyìn tí ilé-ẹ̀kọ́ fún un láti parí. Ìdánwò kan ṣoṣo ló kù. Bí ìyẹn bá bọ́, gbogbo èyí tó ti ṣe sẹ́yìn di òfo. Tẹ́lẹ̀, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti máa ń ṣe ìdánwò wọn, ṣùgbọ́n àrùn tó ń jà káàkiri ayé wá bá wa nínú ẹnubodè títì, wọ́n sì ní kí oníkálukú jókòó sílé rẹ̀, kí kámẹ́rà máa wò ó. Òfin rẹ̀ yéni: má sọ̀rọ̀, má dìde, má jẹ́ kí ojú rẹ kúrò níwájú kámẹ́rà. Mo kà á, mo sì fara mọ́ ọn. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ni èmi náà fi darí gbọ̀ngàn ìdánwò nígbà ayé iṣẹ́ mi.

Ẹni tí a kò ka òfin náà fún ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi. Aṣọ òkìrìkà ló ń tà ní Ìdí-Ìrókò. Kí ẹnubodè tó tì, ilẹ̀ kì í mọ́ bá a nílé. Nígbà tó tì, ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ó sì sọ ìkíni diṣẹ́. Kò sí ilé tí kì í kí ládùúgbò lówùúrọ̀, yóò sì tún padà kí wọn lọ́sàn-án bóyá nǹkan ti yí padà. Nígbà tí àrùn dé tí wọ́n ní kí a má ṣe máa wọlé ara wa, ó pa òfin náà mọ́. Ìta ló ń dúró sí, ó kàn ń gbé ohùn sókè kí ará inú ilé lè gbọ́.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo jókòó sí pálọ̀, mo ń ka ìwé ìròyìn. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi lójú fèrèsé yàrá iwájú.

"Ẹ kú ilé o. Ìyàwó wa, ṣé dáadáa lo jí? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọkọ ńkọ́?"

"A dúpẹ́ o, Màmá. Ẹ káàárọ̀, mà."

Mo gbọ́ tí àga sún. Nígbà tí mo fi máa yọjú, kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ìyàwó wà lórí ìkúnlẹ̀ nílẹ̀, ó dojú kọ ògiri. Ó gbéra, ó padà jókòó, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Wọ́n ti dá ìdánwò dúró lójú kọ̀ǹpútà náà.

Ẹni tí a tọ́ lágbègbè wa kò ní béèrè ìdí. Ìyàwó ilé kì í gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ rẹ̀ kó jókòó gẹlẹtẹ. Kì í ṣe ohun tí à ń rò kí á tó ṣe é. Bí ojú ṣe ń ṣẹ́ nígbà tí eruku bá fẹ́ wọ̀ ọ́ ni.

Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀wé sí i pé kó wá rojọ́ níwájú ìgbìmọ̀, lórí kọ̀ǹpútà náà kan náà. Wọ́n fura pé ẹnìkan ń kọ́ ọ ní ìdáhùn láti ẹ̀yìn fèrèsé, àti pé ìwé ló bẹ̀rẹ̀ wò lábẹ́ tábìlì. Nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbà á nímọ̀ràn lórí fóònù pé kó ní iná ló lọ, kó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Mo gbọ́ èsì rẹ̀.

"Ohun tí mo bá ṣe fún aláìsàn ni mo máa ń kọ sílẹ̀," ó ní, "n kì í kọ èyí tó yẹ kí n ti ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo máa sọ fún wọn."

Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ bínú. "Àbúrò, irú ìdánwò wo ni wọ́n ń ṣe tí wọn kì í dáhùn ìkíni? Gbé mi síwájú wọn, kí n bi wọ́n léèrè ilé tí wọ́n ti tọ́ wọn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀. Tí ẹ bá débẹ̀, kíkí ni ẹ ó kọ́kọ́ kí wọn, ilẹ̀ á sì ṣú."

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, ìyàwó ní kí n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan tí kámẹ́rà kò ti rí mi. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n wà lójú kọ̀ǹpútà. Ìyá àgbàlagbà kan ló jẹ́ alága. Ọkùnrin kan tí kì í ṣe Yorùbá ló ń béèrè ọ̀rọ̀ jù. Èdè Òyìnbó ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ nìyí.

"Ta lo ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ni, sà. Wọ́n kí mi, mo sì dáhùn."

"Kí lo lọ wò lábẹ́ tábìlì?"

"N kò wo nǹkan kan, sà. Mo kúnlẹ̀ ni."

"Ṣé ó ń rí ọ ni?"

"Rárá, sà. Ògiri wà láàárín wa, mo sì ti fa kọ́tìnnì bo fèrèsé."

"Ẹni tí kò rí ọ ni o kúnlẹ̀ fún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. N kò mọ̀ pé mo ti kúnlẹ̀ àfìgbà tí mo rí ara mi nílẹ̀."

Ìyá alága bo ẹnu rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń bò. Ó ní òun gbà á gbọ́, nítorí òun náà ti gbé ilé ọkọ rí. Ṣùgbọ́n ó ní ìgbàgbọ́ òun kọ́ ni òfin. Ìdánwò tó dà rú ti dà rú, yóò ṣe òmíràn, ìbéèrè tuntun, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ohunkóhun bá tún ṣẹlẹ̀, ó parí nìyẹn.

Àwọn kan tí mo sọ fún ní wọ́n ti le jù. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo wà nípò wọn, ohun tí mo máa ṣe gan-an nìyẹn.

Ó wá ku bí a ó ṣe dá àdúgbò lẹ́kun ìkíni. Mo ní kí ó lọ ṣe é ní ọsibítù. Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, níbẹ̀ kẹ̀? Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló máa pe nọ́ọ̀sì." Mo ní kí n kọ ìkìlọ̀ sí ẹnu ọ̀nà pé ìdánwò ń lọ lọ́wọ́, bí a ti ń ṣe nílé-ìwé.

"Ẹni tí kò mọ̀wé á kí i," ẹ̀gbọ́n mi sọ. "Ẹni tó mọ̀wé á kà á tán, á ní ẹ kú ìdánwò o."

Ó ní òun ni yóò gbé àga jókòó síbi tí wọ́n ti ń yà wọ àdúgbò wa, kí ẹni tó bá fẹ́ kí ilé yìí kí òun. Lẹ́yìn náà ló pe ìyàwó síwájú mi.

"Ìyàwó, gbọ́. Lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá kí ọ, ìbáà ṣe èmi, má dá a lóhùn. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti yọ̀ǹda rẹ. Bí wọ́n bá bínú, èmi ni wọ́n ń bá bínú."

Ìyàwó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Láti ọjọ́ náà, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n mi á lọ sójú fèrèsé lọ kí i, ìyàwó á sì jókòó sídìí tábìlì láì fọhùn. Lákọ̀ọ́kọ́, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń ṣe é láì gbọ̀n.

Lọ́jọ́ ìdánwò kejì, ẹ̀gbọ́n mi wà níbi tó sọ. Ó gba ìkíni gbogbo ènìyàn, àdúgbò sì pa rọ́rọ́. Ohun tí a kò rò ni ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ni ọ̀kadà já ìbátan wa kan sí, bàbá àgbà láti Òkè-Ọ̀dàn, tó ju ẹ̀gbọ́n mi gan-an lọ lọ́jọ́ orí. Ó gba pálọ̀ kọjá kí n tó dìde, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá iwájú.

"Ẹ kú ilé o. Ìyàwó, ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

Èmi náà kò lè sọ̀rọ̀, nítorí ohùn mi yóò wọ yàrá. Mo fi ìka lé ètè, bí mo ti máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì. Bàbá wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ó tún kí i, ó gbé ohùn sókè sí i.

Láti ibi tí mo dúró, mo ń rí ẹ̀yìn ìyàwó. Orí rẹ̀ kò yí. Ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ kọ̀ǹpútà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìta, ló sáré wọlé, tó fa bàbá lọ́wọ́ jáde. Nígbà tí mo bá wọn níta, bàbá ń ráhùn.

"Ìyàwó yín rí mi fín. Mo kí i lẹ́ẹ̀mejì."

"Èmi ni mo ní kó má dáhùn," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ẹ bá mi jà. Àmọ́ ẹ rọra jà, ìdánwò ń lọ lọ́wọ́."

Bàbá jókòó sórí àga ẹ̀gbọ́n mi, ó gba omi mu, ó ní irú ìdánwò yìí kò sí láyé àwọn. A dúró de ìyàwó títí ó fi jáde. Ó lọ tààrà sọ́dọ̀ bàbá, ó kúnlẹ̀, ó sì kí i ní kíkí tó gùn ju èyí tó jẹ ẹ́ lọ. Bàbá ní kó dìde. Ó bi í bóyá wọ́n dá a dúró.

"Wọn kò dá mi dúró, sà. Mo parí rẹ̀."

Ọjọ́ iṣẹ́ ni èsì jáde. Ó pè mí láti ọsibítù, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ nítorí àwọn aláìsàn tó ń sùn. "Bàbá, mo yege. Dígírì náà ti di tèmi." Mo bi í ní máàkì rẹ̀, nítorí olùkọ́ kò lè ṣe kó má béèrè. Ó ní wọ́n ń pe òun níbi ibùsùn kan, kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ dá wọn lóhùn.