Ẹ-Sọ̀kalẹ̀, Ọkọ̀ Ṣítù Ará Erunmu

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ Ṣítù ní gáréèjì Erunmu. Mi ò tíì jókòó dáadáa tí obìnrin àgbàlagbà kan lẹ́yìn mi fi wo ẹsẹ̀ mi, tó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé bàtà tí o fẹ́ fi ti ọkọ̀ nìyẹn?"

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Ṣítù tó wà nídìí ọkọ̀ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín tirẹ̀ kò dénú.

"Ọpẹ́yẹmí" ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Láti Erunmu títí dé Ìyànà Ọ̀fà, Ẹ-Sọ̀kalẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, nítorí kò sí àárọ̀ kan tí Ṣítù kì í dúró lójú ọ̀nà, tí kì í yíjú sẹ́yìn sọ fún àwọn èrò pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ bá mi tì í." Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti ń sọ ọ́.

Akọ̀ròyìn ni mí; ohun tó gbé mi débẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ lé Ṣítù kúrò ní gáréèjì. Alága wọn, Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́njúbọ́lá, ti bá a sọ̀rọ̀ lójú gbogbo awakọ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Ó ní gáréèjì mìíràn ti ń fi Erunmu ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ní Jímọ̀, èmi fúnra mi ni máa wọ ọkọ̀ rẹ. O mọ̀ pé orúnkún mi ò dáa. Bí mo bá fi lè sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà, o ò gba tọ́ọ̀nù níbí mọ́."

Tọ́ọ̀nù ni ipò awakọ̀ lórí ìlà. Ẹni tí kò bá ní in kò lè kó èrò. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni Ṣítù, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn àfi oko ẹ̀gẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ó ti sá kúrò nínú oko yẹn lẹ́ẹ̀kan. Kò fẹ́ padà síbẹ̀.

Ọkọ̀ kẹta rẹ̀ nìyí. Èyí àkọ́kọ́, ọdún tí Muhsinah àkọ́bí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iléèwé ló rà á. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kì í pa dé, okùn ni wọ́n fi ń fà á mọ́ra, ẹni tó bá sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń di okùn náà mú títí wọ́n á fi dé. "Mo máa ń pariwo láti iwájú ni," Ṣítù sọ fún mi. "Mo máa ń ní, ẹni tó di okùn mú, ẹ má sùn o!" Ní ọjọ́ kan ẹni náà sùn. Ilẹ̀kùn ṣí, àpò gààrí kan já bọ́, ajá mẹ́ta sì ti dé ìdí rẹ̀ kí Ṣítù tó padà síbẹ̀.

Ọkọ̀ kejì ń mu omi. Kò sí odò kékeré kan lójú ọ̀nà yẹn tí Ṣítù kò mọ orúkọ rẹ̀, nítorí kò sí èyí tí kò tíì pọn fún ọkọ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí àwọn odò gbẹ, ẹ́ńjìnnì jóná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọdún méjì ló fi ro ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ìyẹn.

"Iṣẹ́ oko ò burú," ó ní. "Ohun tó dùn mí ni pé mo máa ń ti oko bọ̀ lẹ́sẹ̀, ẹni tí mo máa ń gbé tẹ́lẹ̀ á kọjá lórí ọ̀kadà, á juwọ́ sí mi. Inú rere ló fi ń juwọ́. Ìyẹn gan-an ló burú jù."

Ìgbà tó rí ẹ̀kẹta yìí, ó rò pé ìyà ti tán. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé ni, ìdí rẹ̀ gùn, ó ń gba èrò, ó ń gba kẹ́ẹ̀gì epo. Ọdún kan gbáko ni kò fi yọ ọ́ lẹ́nu, yàtọ̀ sí pé abẹ́rẹ́ tó ń fi iye epo inú táńkì hàn ti kú. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójú ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀.

Àlàyé kò wọ́n ṣá. Dàpọ̀ mẹkáníìkì ti pààrọ̀ páńpù epo, ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó tún gbogbo wáyà dì. "Ẹ̀gbọ́n, tó bá wà lọ́dọ̀ mi, kì í kú," ló máa ń sọ. "Ọ̀dọ̀ yín ló ti ń kú. Bóyá ẹsẹ̀ yín ló wúwo." Àwọn ará ilé ní ayé ló ń ṣe é. Ṣítù gbé ọkọ̀ lọ fún lẹ́mọ́ọ̀mù kan, ìyẹn ṣàdúà sí i, ọkọ̀ kò sì kú fún ọjọ́ méjì.

Mo bi Ṣítù pé níbo ló gbé ọkọ̀ lọ ní ọjọ́ méjì yẹn.

Ó ní, "Àárín ìlú náà ni. Mo ń bá wọn kó àga ìsọmọlórúkọ."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kú lójú ọ̀nà jíjìn, tí kì í kú nítòsí, kò jọ ọkọ̀ tí ayé ń ṣe lójú tèmi. Àmọ́ mi ò mọ ohun tó jọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, a rìn tó ìṣẹ́jú ogún. Bí a ṣe dé ibi oko kajú, ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́. Kò sẹ́ni tó bínú. Wọ́n ti mọ ibẹ̀. Obìnrin kan tiẹ̀ ti bọ́ bàtà rẹ̀ sínú ọ̀rá kí a tó dúró. Títíladé lorúkọ rẹ̀, tíṣà ni ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Ìyànà Ọ̀fà.

"Ẹ jọ̀ọ́," Ṣítù bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ má wulẹ̀ parí ẹ̀, Bọ̀dá Ṣítù," Tíṣà ní. "A ti ń sọ̀kalẹ̀."

Gbogbo wa lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Ṣítù lọ sídìí táńkì. Nítorí abẹ́rẹ́ tó ti kú, ohun tó máa ń kọ́kọ́ ṣe nìyẹn ní gbogbo ìgbà: á ṣí táńkì, á ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́, á wò ó bóyá epo ló tán. Epo kì í tán. Á tún un dé, á ní kí àwọn èrò máa tì í, ọkọ̀ á sì jí.

Ẹni kan ṣoṣo tí kì í sọ̀kalẹ̀ ni obìnrin àgbàlagbà tó bú bàtà mi. Mùsílímátù lorúkọ rẹ̀, Ìyá Alépo ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ìbàdí ń dùn ún, epo pupa ló sì ń gbé lọ tà ní Ìyànà Ọ̀fà. Inú ọkọ̀ ló máa ń jókòó sí tí wọ́n bá ń tì í. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kan ṣubú, ó ń jò, ó sì sọ̀kalẹ̀ láti gbé e dúró. Bó ṣe dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣítù ni Ṣítù ṣí táńkì.

"Ṣítù, kí ló dún yẹn?"

"Kí ló dún, Ìyá?"

"Nígbà tí o ṣí i. Ó fa nǹkan símú. Ó ní fíìì."

"Ìyá, táńkì ò nímú o."

Àwọn tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá Alépo kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ìdérí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rá ló wà lábẹ́ ìdérí náà, ìlọ́po méjì, irú èyí tí àwọn alépo fi ń bo ẹnu kẹ́ẹ̀gì kí wọ́n tó dé e, kí epo má baà dà. Àárín ọ̀rá náà ti rì wọnú.

"Wò ó," ó ní. "Tí mo bá da epo gbígbóná sí kẹ́ẹ̀gì, tí mo fi ọ̀rá dé e pa, kí ló máa ń ṣe kẹ́ẹ̀gì yẹn tó bá di àárọ̀?"

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á wọlé."

"Tí mo bá ń fi rọ́bà fa epo nínú dúrọ́ọ̀mù, tí mi ò fi ìṣó dá òkè rẹ̀ lu, ṣé epo á wá?"

"Á wá díẹ̀," Ṣítù ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Lẹ́yìn náà, kò ní í wá mọ́."

"Ọkọ̀ rẹ ò ráyè mí, ìwọ ọkùnrin yìí. O dí i nímú, o wá ń pariwo pé ayé ló ń ṣe é. Ta ló tiẹ̀ kọ́ ọ pé kí o máa fi ọ̀rá dé táńkì?"

Ṣítù wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Èmi bíi báwo?"

"Ẹ ní òórùn bẹntiróòlù ń wọ epo yín, pé àwọn oníbàárà yín ń fi imú gbọ́ ọ, wọn ò rà á. Ẹ̀yin lẹ já ọ̀rá fún mi látinú ìdì tiyín. Ní gáréèjì níbẹ̀ ni."

Tíṣà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó di ẹ̀yìn ọkọ̀ mú kó má baà ṣubú. "Ìyá! Oṣù mẹ́jọ! Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń ti ọkọ̀ yìí, ẹ̀yin sì jókòó sínú rẹ̀ bí ìyàwó!"

"Ìbàdí ń dùn mí," Ìyá Alépo ní, àmọ́ òun náà ti ń rẹ́rìn-ín.

Ṣítù ju ọ̀rá náà sínú igbó. Ó dé táńkì lásán, ó wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́. A ṣì na ọwọ́ sí ara ọkọ̀, a ń dúró kó sọ pé kí a tì í, nígbà tí ẹ́ńjìnnì jí fúnra rẹ̀, tí ọkọ̀ sún kúrò lọ́wọ́ wa. Ó ṣe kedere nígbà náà pé kò nílò kí a tì í rí. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé nígbà tí Ṣítù bá ṣí táńkì láti wo epo ló ń jí i.

Inú èrò dùn títí a fi dé Ìyànà Ọ̀fà. Èmi kò tíì gbà. Láti oko kajú, ọkọ̀ yìí máa ń débẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá tì í. Kò tíì fi ohun tuntun kankan hàn. Mo lọ bá Dàpọ̀ lọ́sàn-án. Ó ní irọ́ ni, pé obìnrin alépo kò lè kọ́ òun níṣẹ́. Mo bi í bóyá ó rí ọ̀rá náà rí. "Ọ̀rá? Ta ni kì í fi ọ̀rá dé nǹkan?" Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkísà nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. "Àmọ́ tí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ mi," ó ní, "èmi náà, táńkì ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí."

Ní àárọ̀ Jímọ̀, Alága jókòó síwájú, ó na ẹsẹ̀ tí kò dáa. Èmi, Tíṣà àti Ìyá Alépo wà lẹ́yìn. Ṣítù ti wọ aṣọ Jímọ̀ rẹ̀, funfun báláú, bí ẹni pé kò fẹ́ kí wọ́n lé òun nínú aṣọ iṣẹ́.

A kúrò ní Erunmu. Tíṣà ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Òórùn bẹntiróòlù ń wọlé díẹ̀díẹ̀.

"Kí ló ń rùn báyìí?" Alága béèrè.

"Ẹ jẹ́ kó máa rùn, Alága," Ìyá Alépo dáhùn kíákíá. "Ẹ jẹ́ kó máa rùn."

Mo rí oko kajú níwájú. Ọwọ́ Ṣítù le mọ́ ìdarí ọkọ̀. Ètè rẹ̀ ń mì, mi ò mọ̀ bóyá àdúà ló ń ṣe. A dé ibi tí koríko etí ọ̀nà ti kú nítorí ẹsẹ̀ àwọn tó ń ti ọkọ̀. A kọjá. A gun òkè kékeré tó tẹ̀lé e, a kọjá iléèṣẹ́ adìyẹ, a kọjá mọ́sáláṣí tí wọn kò tíì kàn lórùlé. Tíṣà sọ bàtà tó ti bọ́ sílẹ̀, ó wọ̀ ọ́ padà. Ìgbà náà ni mo gbà.

Ní Ìyànà Ọ̀fà, Ṣítù pa ẹ́ńjìnnì. Ó fi orí lé ìdarí ọkọ̀, ó mí kanlẹ̀, a gbọ́ ọ títí dé ẹ̀yìn.

"Ọkọ̀ ti mí, ọlọ́kọ̀ náà ti mí," Ìyá Alépo ní.

Alága ń wo Ṣítù. Kò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìwọ Ṣítù, ìwọ lo máa kọ́kọ́ gba tọ́ọ̀nù láàárọ̀ ọ̀la. Ó yá, bá àwọn èrò rẹ sọ̀rọ̀. Orúnkún ń dùn mí."

Ṣítù gbé orí sókè, ó yíjú sẹ́yìn sí wa bó ṣe máa ń ṣe. "Ẹ jọ̀ọ́," ó ní. Ẹ̀rín ti gbà á lẹ́nu, ó ní láti tún un bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀. A ti dé."